Ìjọra Kì í Ṣe Ìbátan: Ìtumọ̀ àti Orírun Ọ̀rọ̀ náà "Bunting"

Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, "bunting", ni wọ́n fi ń pe ohun méjì tí kò jọ ara wọn rárá. Ìkíní ni ọ̀wọ́ àwọn ẹyẹ kéékèèké akọrin tí àgógó wọn kúrú, tí ó nípọn, tí ó sì lágbára láti fọ́ èso koríko àti ọkà. Ìkejì ni aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń fi irun àgùntàn hun láyé àtijọ́ fún rírán àsíá, tí orúkọ rẹ̀ sì ti wá di ti àwọn àsíá wẹ́wẹ́ onígun mẹ́ta tí wọ́n ń so mọ́ okùn láti orí òpó kan dé òmíràn nígbà àjọ̀dún. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé ẹyẹ àti aṣọ àsíá ń jẹ́ orúkọ kan náà lè sáré pinnu pé orúkọ ẹyẹ ni wọ́n fi pe aṣọ, nítorí pé àsíá a máa fẹ́ lẹ́lẹ́ lójú afẹ́fẹ́ bí ẹyẹ tí ń ju apá. Àlàyé náà dùn létí, ṣùgbọ́n àwọn tí ń wádìí ìtàn ọ̀rọ̀ kò rí àkọsílẹ̀ kan tí ó gbè é lẹ́yìn. Ohun tí wọ́n rí ni pé ọ̀rọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, tí ọ̀kan fi nǹkan bí irinwó ọdún dàgbà ju èkejì lọ, tí ìró wọn kàn pàdé lójú ọ̀nà.

Irú ọ̀rọ̀ báyìí kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ó ń sọ Yorùbá. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ mẹ́rin tí ìtumọ̀ wọn jìnnà síra, tí ó jẹ́ pé ohùn nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ènìyàn bá sì kọ wọ́n láìfi àmì sí i, wọn a di ẹyọ kan lójú ìwé. Àwọn mìíràn tilẹ̀ wà tí ohùn pàápàá kò lè yà: jó tí àwọn ènìyàn ń jó ní òde ìnáwó àti jó tí iná ń jó oko jọ ara wọn délẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tí yóò tìtorí èyí sọ pé ijó ni ó bí iná. Èdè Gẹ̀ẹ́sì kò ní ohùn tí ń yí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ padà, nítorí náà irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ lọ jàra, àyíká gbólóhùn ni ó sì ń fi èyí tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ní lọ́kàn hàn. Ìbéèrè tí àwọn onímọ̀ èdè máa ń bi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni pé, ṣé ọ̀rọ̀ kan ni ó ya ẹ̀ka méjì, gẹ́gẹ́ bí orí tí ènìyàn fi ń ru ẹrù àti orí ìwé, àbí ọ̀rọ̀ méjì ni ó pàdé? Wọn kì í fi ẹnu lásán dáhùn rẹ̀. Ńṣe ni wọ́n ń tọ ipasẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ sẹ́yìn nínú ìwé àtijọ́, tí wọ́n sì ń fi í wé àwọn èdè tí ó múlé ti èdè náà, títí wọ́n yóò fi rí ibi tí ọ̀nà ti pín.

Orúkọ ẹyẹ ni ẹ̀gbọ́n. Ní nǹkan bí ọdún 1300 ni ó ti fara hàn nínú ìwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí àwọn akọ̀wé ìgbà náà sì ń kọ ọ́ bí ó bá ṣe dún létí wọn, bíi "bountyng" àti "buntynge", nítorí pé kò tíì sí òfin tó de ìkọsílẹ̀ ọ̀rọ̀ nígbà náà. Àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí ibi tí ó ti ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ohun méjì kan wà tí wọ́n máa ń tọ́ka sí. Àwọn ará Skọ́tlándì ní ọ̀rọ̀ kan, "buntin", tí ó túmọ̀ sí ohun tí ó kúrú tí ó sì ki pọ́pọ́. Àwọn ará Wales náà ní "bontin", tí ó túmọ̀ sí ìdí tàbí bàrá. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, a jẹ́ pé sísanra ẹyẹ náà ni àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ wò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ti máa ń wo ilé kí wọ́n tó sọmọ lórúkọ.

Ẹni tí ó bá sì wo irú èyí tí orúkọ náà kọ́kọ́ mọ́ lára kò ní bá àlàyé yìí jiyàn. Ẹyẹ inú oko ọkà ni, tí àwọn onímọ̀ ẹyẹ ń pè ní Emberiza calandra. Ara rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ilẹ̀ tí ó ní ilà fíntínfíntín, kò sí ẹwà kan lára rẹ̀ tí yóò mú ẹni tí ń kọjá lọ dúró, ṣùgbọ́n ó ki, ó sanra, orí rẹ̀ tóbi, bí ó bá sì ń fò láti orí òpó kan sí èkejì, akọ rẹ̀ a máa jẹ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì rọ̀ wálẹ̀ bí ẹni tí ẹrù ara rẹ̀ wúwo jù fún apá rẹ̀. Orí òpó ọgbà ni ó ti máa ń kọrin, ìró orin náà sì dàbí ìgbà tí ènìyàn bá mi ìdì kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́. Nínú eré Shakespeare kan, All's Well That Ends Well, ìjòyè àgbàlagbà kan sọ̀rọ̀ nípa ẹnìkan tí ó ti kà sí ẹyẹ yìí, nígbà tí àwọn ẹlòmíràn ń pè é ní ẹyẹ lark, olóhùn iyọ̀ tí ó gbayì jù ú lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni ìjòyè náà ń yí padà, nítorí pé ara àwọn ẹyẹ méjèèjì jọra, ẹni tí kò bá sì fara balẹ̀ a máa fi ọ̀kan pe èkejì. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀rọ̀ náà ti ń bá àṣìmú rìn.

Sísanra yìí kan náà ni ó ṣeé ṣe kí ó gbé ọ̀rọ̀ náà kúrò lára ẹyẹ bọ́ sára ènìyàn. Nínú orin ìrẹmọ kan tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń kọ láti ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, tí ó sọ nípa bàbá tí ó lọ dọdẹ ehoro kí ó lè rí awọ tí yóò fi bo ọmọ rẹ̀, "Bunting" ni wọ́n fi pọ́n ọmọ náà lé, bí ẹni ń pe ọmọ ní kìbọ̀tọ̀. Láti inú orin yìí ni àwọn ará Amẹ́ríkà ti mú orúkọ fún àpò aṣọ onífìlà tí wọ́n ń ki ọmọ ìkókó bọ̀ nígbà òtútù. Láti ayé àtijọ́ sì ni ọ̀rọ̀ náà ti di orúkọ ìdílé. Edward Bunting, tí wọ́n bí ní 1773, ni ó kọ orin àwọn onídùùrù Ireland sílẹ̀ níbi àpèjọ wọn ní Belfast ní 1792, kí orin náà má baà bá àwọn arúgbó tó ń kọ ọ́ wọlẹ̀. Jabez Bunting, ẹni tí ó gbé ayé láti 1779 sí 1858, jẹ́ àgbà nínú ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ó sì wà lára àwọn akọ̀wé ẹgbẹ́ míṣọ́nnárì ìjọ náà nígbà tí Thomas Birch Freeman, òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ ọ̀hún, gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, tí ó sì ti ibẹ̀ dé Abẹ́òkúta lọ́dọ̀ Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá. Nípa bẹ́ẹ̀, orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ lára ẹyẹ inú oko ọkà ti wà nínú lẹ́tà àwọn míṣọ́nnárì ilẹ̀ Yorùbá ṣáájú kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó dé.

Nígbà tí Carl Linnaeus, onímọ̀ ọmọ ilẹ̀ Swídìnì, ń to àwọn ẹ̀dá sí ẹbí-ẹbí ní 1758, Emberiza ni ó pe ẹbí àwọn ẹyẹ yìí, ó sì mú orúkọ náà láti inú èdè Jámánì àtijọ́, níbi tí wọ́n ti ń pè wọ́n ní "Embritz", tí àwọn Jámánì òde òní ń pè ní "Ammer". Ọ̀rọ̀ "ammer" yìí wà nínú Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú, ó sì ṣe ohun tí ó yẹ kí ènìyàn kíyè sí. Ẹyẹ kan nínú ẹbí náà wà tí orí àti àyà rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, ẹyin rẹ̀ sì ní ilà wẹ́ẹ́rẹ́wẹ́ẹ́rẹ́ bí ẹni pé ọmọ iléèwé fi kálàmù fa nǹkan jágbajàgba sí i lára. Ní kété tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gbàgbé ohun tí "ammer" túmọ̀ sí, etí wọn sọ ọ́ di "hammer", tí í ṣe òòlù, ẹyẹ náà sì di "yellowhammer", bẹ́ẹ̀ ni kò sí ohun tí òun àti òòlù jọ ń ṣe. Bí ọ̀rọ̀ bá ti sọ ìtumọ̀ rẹ̀ nù, etí kì í jẹ́ kí ó rìn ní òun nìkan. Yóò wá ọ̀rọ̀ mìíràn tí ó jọ ọ́, yóò sì so wọ́n pọ̀ tipátipá.

Ẹbí Emberiza lé ní oríṣi 40, Yúróòpù, Éṣíà àti Áfíríkà sì ni ilé wọn. Ilẹ̀ Nàìjíríà ní tirẹ̀, pàápàá ní àwọn pápá ọ̀dàn àti orí àpáta, láàárín àwọn ẹyẹ wẹ́wẹ́ tí ẹni tí ń kọjá lọ yóò kàn pè ní ológoṣẹ́. Ọ̀kan nínú wọn, Emberiza goslingi, ń jẹ́ orúkọ Gosling, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì tí ó tẹ̀lé Boyd Alexander ní ìrìn àjò láti odò Ọya títí dé odò Náílì láàárín 1904 sí 1907, tí ó sì kú lójú ọ̀nà. Àwọn mìíràn nínú ẹbí náà jẹ́ àlejò tí ń wá lọ́dọọdún. Ẹyẹ ortolan a máa pamọ ní Yúróòpù, a sì máa sá òtútù wá sí Áfíríkà. Lójú ọ̀nà yìí ni àwọn ọlọ́dẹ gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Faransé ti ń dẹ pàkúté fún un, tí wọ́n ń fi jéró bọ́ ọ kí ó lè sanra, tí wọ́n ń rì í sínú ọtí líle, tí àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ a sì fi aṣọ ìnuwọ́ bo orí nígbà tí wọ́n bá ń jẹ ẹ́ tẹran-teegun, títí ìjọba fi fòfin de ọdẹ rẹ̀ ní 1999. Ní Ṣáínà, Emberiza aureola tí ó máa ń bà sí oko ìrẹsì ti di ìjẹ dé ibi pé, ní 2017, àwọn tí ń ṣọ́ ẹ̀dá inú ayé kà á mọ́ àwọn tí ó kù díẹ̀ kí wọ́n parun. Ara tí ó ki, tí wọ́n tìtorí rẹ̀ sọ ẹyẹ lórúkọ ní ọ̀nà kan, ni ó ń pa á ní ọ̀nà mìíràn.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọdá òkun lọ tẹ̀ dó sí Amẹ́ríkà, wọ́n bá àwọn ẹyẹ tí wọn kò rí rí níbẹ̀, wọ́n sì ṣe ohun tí gbogbo àlejò máa ń ṣe: wọ́n fi orúkọ ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé pe ohun tí wọ́n bá lọ́nà. Ẹyẹ kékeré èyíkéyìí tí àgógó rẹ̀ kúrú tí ó sì nípọn di bunting. Ọ̀kan nínú wọn ni Passerina cyanea, tí akọ rẹ̀ dúdú bí aṣọ àdìrẹ tí ó mu aró dáadáa, tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà sì fi aró pè é. Yorùbá tí ó ti mọ agbe àti aró mọ́ra kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ máa bèèrè ìdí. Ṣùgbọ́n kò sí aró kankan nínú ìyẹ́ ẹyẹ náà. Bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe rí tínńtín nínú lọ́hùn-ún ni ó ń tú ìmọ́lẹ̀ ká tí ojú fi ń rí i bí aró, bí wọ́n bá sì gún ìyẹ́ náà lúbúlúbú, àwọ̀ ọ̀hún kò sí mọ́.

Ẹyẹ aláró yìí ni ó sọ fún àwọn onímọ̀ bí ẹyẹ ṣe ń mọ̀nà lóru. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, Stephen Emlen kó wọn lọ sí gbọ̀ngàn olórùlé rìbìtì kan ní ìlú Flint, ní Michigan, níbi tí ẹ̀rọ ti ń tan àwòrán ìràwọ̀ sí àjà. Ó fi ẹyọ kọ̀ọ̀kan sínú àrọ tí wọ́n fi bébà ṣe, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ fóòmù tí tàdáwà ti rin gbingbin, tí òkè rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ sí ìràwọ̀ lábẹ́ àwọ̀n. Bí àkókò àti ṣí kúrò bá tó, ẹyẹ náà a bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè síhà ibi tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní tàdáwà a máa tẹ ara bébà, bí ilẹ̀ bá sì mọ́, ojú ẹsẹ̀ yóò ti kọ ọ̀nà ibi tí ó ń lọ sílẹ̀. Nígbà tí Emlen yí àwòrán ìràwọ̀ po, tí ó fi àríwá ṣe gúúsù, àwọn ẹyẹ náà yí padà tẹ̀lé e. Fún àwọn ọmọ ẹyẹ tí kò rí ojú ọ̀run rí, ó jẹ́ kí ìràwọ̀ inú gbọ̀ngàn máa yí po yíká ìràwọ̀ Betelgeuse dípò ìràwọ̀ àríwá, nígbà tí wọ́n sì dàgbà, Betelgeuse ni wọ́n gbà ní àríwá. Ohun tí wọ́n ń kọ́ kì í ṣe ìrísí ìràwọ̀ kan. Ohun tí wọ́n ń wò ni ojú kan tí kì í yẹ̀ nígbà tí gbogbo ìyókù bá ń yí.

Àwọn onímọ̀ náà wá ojú kan tí kì í yẹ̀ fún ẹbí ẹyẹ, wọ́n sì rí i nínú egungun àti nínú àbùdá tí òbí ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Ìwádìí yìí fi hàn pé ẹyẹ aláró Amẹ́ríkà àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ ilé Emberiza rárá. Ẹbí ẹyẹ pupa tí wọ́n ń pè ní cardinal ni wọ́n wà. Ẹyẹ mìíràn tí wọ́n ń pè ní lark bunting, tí ìpínlẹ̀ Colorado yàn ní ẹyẹ ìpínlẹ̀ ní 1931, wà ní ẹbí kẹta, èyí tí ó jẹ́ ti yìnyín, tí ó ń pamọ ní Greenland, sì ti bọ́ sí ẹbí kẹrin. Oúnjẹ kan náà ni ó jẹ́ kí àgógó wọn jọra, nítorí pé ẹyẹ tí yóò fọ́ èso líle gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò fi fọ́ ọ. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ pé gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, ẹnìkan kò mọ èyí tí inú ń run. Bí ojú ṣe ṣi àwọn ẹyẹ yìí mú ni etí ṣe ṣi ọ̀rọ̀ náà mú, nítorí pé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹyẹ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà ni ó ṣẹlẹ̀ láàárín ẹyẹ àti aṣọ.

Orúkọ aṣọ kò fara hàn nínú ìwé títí di ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún, nígbà tí orúkọ ẹyẹ ti di àgbà ọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé láti inú ọ̀rọ̀ ìṣe àtijọ́ kan ni ó ti jáde, "bonten" tàbí "bunt", tí àwọn ará abúlé ní apá ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún kíku ìyẹ̀fun. Aṣọ tí wọ́n fi ń ku ìyẹ̀fun náà ni wọ́n ní ó di aṣọ àsíá. Lójú ẹni tí ó bá mọ kọ̀ǹkọ̀sọ̀ nìkan, ọ̀nà jìn láàárín ibi ìkùyẹ̀fun àti òpó àsíá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti fi aṣọ sẹ́ ògì rí yóò tètè lóye rẹ̀. Aṣọ tí yóò sẹ́ ògì gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́, kí òwú rẹ̀ má sì súnmọ́ra jù, kí omi lè rí ọ̀nà gbà kí èérí sì dúró. Síbẹ̀ ó gbọ́dọ̀ lágbára tí kò fi ní ya nígbà tí wọ́n bá ń fún un. Ohun tí àsíá náà ń fẹ́ nìyí, kìkì pé afẹ́fẹ́ ni ó dípò omi. Aṣọ tí ó bá ki yóò rọ̀ jọwọrọ mọ́ òpó, àfi bí ìjì bá ń jà; aṣọ tí afẹ́fẹ́ bá ń rí àárín rẹ̀ kọjá yóò gbéra pẹ̀lú atẹ́gùn kékeré, òjò kò ní pẹ́ gbẹ lára rẹ̀, kò sì ní tètè fàya. Èdè Faransé jẹ́rìí sí ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn "étamine", tí ó ti ara ọ̀rọ̀ Látìnì fún òwú wá, ni wọ́n ń lò fún aṣọ asẹ́ àti fún aṣọ àsíá bákan náà.

Àlàyé kejì sọ pé láti inú "bunt" ti àwọn Jámánì tàbí "bont" ti àwọn ará Họ́láńdì ni ó ti wá, ọ̀rọ̀ méjèèjì sì túmọ̀ sí aláwọ̀ púpọ̀. Ó bá àsíá mu, nítorí pé àwọ̀ ni àsíá fi ń sọ̀rọ̀, àwọn atukọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ti Họ́láńdì sì ti yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ara wọn púpọ̀. Ẹ̀rí étamine ni ó mú kí ti asẹ́ fẹsẹ̀ múlẹ̀ díẹ̀ jù ú lọ, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó ti borí pátápátá. Èyí ó wù kó jẹ́, kò sí ẹyẹ nínú ìkankan.

Irun àgùntàn gígùn ni wọ́n fi ń hun aṣọ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yà á kí gbogbo rẹ̀ lè dọ́gba, kí wọ́n tó ran án ní òwú líle. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń hun ún, gẹ́gẹ́ bí àwọn ahunṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ti ń hun tiwọn ní pẹlẹbẹ tí ìbú rẹ̀ kò ju ìwọ̀n ọwọ́ lọ, tí wọn a sì rán pẹlẹbẹ mọ́ pẹlẹbẹ kí ó tó di odindi aṣọ. Nítorí náà, àwọn aránsíá ilé iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kì í fi ẹsẹ̀ bàtà sọ bí àsíá ṣe tóbi tó. Iye pẹlẹbẹ tí wọ́n rán pọ̀ ni wọ́n ń kà. Ní 1687, Samuel Pepys, akọ̀wé ilé iṣẹ́ náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé fún pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ ínṣì 11, àsíá gbọ́dọ̀ gùn ní ìdajì yáàdì, tí í ṣe ínṣì 18. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ìbú aṣọ náà ń dínkù, ó sì dúró lórí ínṣì 9, ṣùgbọ́n ẹnìkan kò yí òfin ìdajì yáàdì padà. Bí aránsíá bá wá rán pẹlẹbẹ mẹ́rin pọ̀, ìbú àsíá rẹ̀ a jẹ́ ínṣì 36, gígùn rẹ̀ a sì jẹ́ ínṣì 72, ìlọ́po méjì gééré. Báyìí ni òfì ṣe fún àsíá Gẹ̀ẹ́sì ní ìwọ̀n kan sí méjì, láìsí ìgbìmọ̀ tí ó jókòó pinnu rẹ̀.

Gbogbo ayé tí ń tukọ̀ ni ó ń ra aṣọ náà, àní àwọn tí ń bá Gẹ̀ẹ́sì jagun pàápàá. Ní 1813, nígbà tí ogun wà láàárín Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀gágun tí ń ṣọ́ odi Fort McHenry ní Baltimore ní kí Mary Pickersgill rán àsíá kan tí yóò tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀tá kò ní lè ṣàìrí i. Ẹsẹ̀ bàtà 30 sí 42 ni ó jẹ́, ìràwọ̀ 15, ilà 15, ìbú ilà kọ̀ọ̀kan sì tó ẹsẹ̀ bàtà méjì. Pickersgill, ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn ọmọ ẹbí rẹ̀ méjì àti Grace Wisher, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú tí ó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, ni ó rán an, nígbà tí ilé kò sì gbà á mọ́, ilẹ̀ ilé ìpọntí kan tí ó wà nítòsí ni wọ́n lọ tẹ́ ẹ sí. Aṣọ òwú ni wọ́n fi ṣe ìràwọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bunting tí wọ́n hun nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyókù. Àsíá yìí ni Francis Scott Key rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní oṣù kẹsàn-án 1814, tí ó fi kọ ewì tí ó di orin orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, òun náà ni ó sì wà ní ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian títí dòní, kìkì pé àwọn ènìyàn ti gé nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ kúrò nínú gígùn rẹ̀ fún ìrántí. Aṣọ ọ̀tá ni wọ́n fi rán àsíá tí wọ́n fi kojú ọ̀tá náà.

Lórí omi, iṣẹ́ àrokò ni aṣọ náà ń ṣe. Ọkọ̀ méjì tí ó jìnnà síra kò lè gbóhùn ara wọn, nítorí náà wọn a máa fa àsíá aláwọ̀ sókè, tí ẹni tí ó wà ní òdìkejì yóò sì fi ìwé atọ́nà túmọ̀ rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó gba àrokò ti ń ka owó ẹyọ àti ìyẹ́ tí wọ́n dì ránṣẹ́ sí i. Ní October 21, 1805, ṣáájú ogun Trafalgar ní etí òkun Sípéènì, Nelson, ọ̀gá àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ sọ fún àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé ọkàn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì balẹ̀ pé olúkúlùkù yóò ṣe ojúṣe rẹ̀. Pasco, ọ̀gá tí àsíá wà ní ìkáwọ́ rẹ̀, bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí òun sọ pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń retí rẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ fún ìretí wà nínú ìwé atọ́nà, ṣùgbọ́n ti ìfọkàntán kò sí níbẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ ni wọn yóò máa tò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nelson gbà, gbólóhùn tí ìtàn sì tọ́jú ni èyí tí aṣọ lè tètè sọ. Àwọn tí ń fa àsíá nínú ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá di ẹni tí ẹgbẹ́ wọn ń pè ní "Bunts", ìyẹn ni pé wọ́n fi aṣọ pe ènìyàn.

Láti orí omi ni orúkọ náà ti gòkè wá sí ìgboro. Àwọn ọkọ̀ a máa so gbogbo àsíá wọn mọ́ okùn láti iwájú dé ẹ̀yìn ní ọjọ́ ayẹyẹ. Nígbà tí àwọn ará ìlú náà ń so tiwọn káàkiri òpópónà, wọn kò pe àsíá ní àsíá mọ́, orúkọ aṣọ ni wọ́n pè é. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì ń parí lọ ní 1945, tí ènìyàn kò lè ra aṣọ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìní tíkẹ́ẹ̀tì ìpín, ìjọba yọ̀ǹda kí wọ́n ra bunting láìní tíkẹ́ẹ̀tì títí oṣù karùn-ún yóò fi parí, bí ó bá ṣáà ti jẹ́ pupa, funfun tàbí àwọ̀ búlúù. Òwú sì ni bunting tí wọ́n rà náà, kì í ṣe irun àgùntàn mọ́. Lónìí, ọ̀rá àti bébà ni púpọ̀ nínú rẹ̀.

Aṣọ ti lọ, orúkọ kù, ìwọ̀n náà sì kù. Ní 1959, Táíwò Akínkúnmi, ọmọ Yorùbá tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní London, fi àwòrán àsíá ránṣẹ́ síbi ìdíje tí wọ́n ṣe fún àsíá Nàìjíríà. Àwọn adájọ́ yọ oòrùn pupa tí ó yà sí àárín rẹ̀ kúrò, wọ́n fi àwọ̀ ewé méjì àti funfun kan sílẹ̀, àsíá náà sì gun òpó ní October 1, 1960, ní ìwọ̀n kan sí méjì. Bí aránṣọ kan bá jókòó lónìí láti rán àsíá náà, tí ó gbé okùn ìwọ̀n lé e, tí ó sì rí i pé gígùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, òfin aránsíá ayé Pepys ni ó ń pa mọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí irun àgùntàn nínú aṣọ tí ó wà níwájú rẹ̀. Bí ẹyẹ wẹ́wẹ́ kan bá sì wá bà sórí òpó àsíá náà, kódà kí ó jẹ́ ti ẹbí Emberiza gan-an, alájọjókòó lásán ni òun àti aṣọ tí ń fẹ́ lábẹ́ rẹ̀.